Ìyá Oníbúrẹ́dì àti Owó Ìrànwọ́ Ìjọba



Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ti ń ka ojú-ewé yìí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ ìlú rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó bẹ̀ wá. Búrẹ́dì ni ìyá náà ń ṣe tà. Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí ó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ààrò alámọ̀ rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀rọ tí ó fi ń po fúláwà wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ márúwá kan sì ń gbé búrẹ́dì lọ sí ọjà méjì láràárọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, òṣìṣẹ́ mẹ́rin ni ó ní. Nígbà tí ó fi máa kọ lẹ́tà yìí, ó ku ẹyọ kan.

Ohun méjì ni ó bi wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ilé rẹ̀, ó ní ìjọba tún fẹ́ fi owó ran àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́, àti pé bí ó bá lè mú ₦7,000 wá, òun yóò bá a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé kí òun san án? Èyí ni ìbéèrè kìíní. Ìbéèrè kejì ni kò jẹ́ kí a lè gbé lẹ́tà náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ọmọbìnrin òun ku ọdún kan péré kí ó ṣe ìdánwò àṣejáde ní ilé-ìwé girama. Ó kọ báyìí pé, “Ẹ̀yin Olóòtú, ṣé ìwà ìkà ni bí mo bá ní kí ó jókòó sílé kí ó máa ràn mí lọ́wọ́ nídìí ààrò? N kò lè san owó òṣìṣẹ́ mọ́.”

Kì í ṣe ìwà ìkà, ìyá wa. Ẹni tí kò tíì jí ní agogo mẹ́ta òru rí láti dá iná sí ààrò kò ní ẹnu láti pè yín ní ìkà. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ẹ̀yin fúnra yín kọ ìṣirò owó yín mọ́ lẹ́tà náà, a sì ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni a fẹ́ fi dá yín lóhùn, nítorí ó fi hàn wá pé ibi tí owó òṣìṣẹ́ yín gbà lọ kì í ṣe ibi tí ẹ rò.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí ohun tí ó dé bá òwò búrẹ́dì ní orílẹ̀-èdè wa, kí ìyá yìí má bàa máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun kò mọ òwò ṣe. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Bola Tinubu gba ìjọba, ni ó kéde pé ìjọba kò ní bá ará ìlú san nínú owó epo bẹntiróòlù mọ́. Epo tí kò tó ₦200 ní lítà kan kọjá ₦480 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà ó di ₦617, nígbà tí ó sì fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti súnmọ́ ₦1,000, ibòmíràn sì wà tí ó kọjá bẹ́ẹ̀. Epo yìí ni ẹ̀rọ ìpo-fúláwà ń mu, òun náà ni kẹ̀kẹ́ tí ń gbé búrẹ́dì ń mu.

Èkejì tẹ̀lé e kíákíá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 kan náà, a tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa díye lé e. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní báńkì ti kọjá ₦1,400 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Àwọn kan lè bèèrè pé kí ni ó kan dọ́là nínú búrẹ́dì ìyá tí ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé. Ó kàn án gidigidi. Àlìkámà tí a ń lọ̀ di fúláwà kì í fi bẹ́ẹ̀ hù ní ilẹ̀ wa. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni a ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti òkèèrè, dọ́là ni a sì fi ń rà á. Bí náírà bá ṣubú ní Èkó lónìí, kò ní pẹ́ tí àpò fúláwà yóò fi gòkè ní ọjà abúlé. Ìyàwó ẹni tí ó ń kọ̀wé yìí gbé búrẹ́dì kan lé àtẹ́lẹwọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wò ó títí, ó ní, “Baba, búrẹ́dì yìí ti ń gbààwẹ̀.” A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe búrẹ́dì náà kò rẹ́rìn-ín, nítorí bí ó bá fi owó lé e, oníbàárà a sá. Bí ó bá dín in kù, oníbàárà a bú u.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wo ìrànwọ́ náà. Ìjọba kò dákẹ́, a kò sì gbọdọ̀ sọ pé ó dákẹ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2023, Ààrẹ bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀, ó sì ṣèlérí pé a óò fi ₦50,000 ta ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́rẹ láàrin àwọn tí òwò wọn kéré jù lọ, ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 774. Ó tún ṣèlérí owó-yíyá, láti ₦500,000 títí dé ₦1,000,000, fún ọ̀kẹ́ márùn-ún oníṣòwò, pẹ̀lú èlé ₦9 lórí ₦100 lọ́dún, tí a óò san padà ní ìwọ̀n oṣù mẹ́rìndínlógójì. Bank of Industry ni a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Èlé yìí dára púpọ̀. Ní ìparí ọdún 2024, iye tí Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé tirẹ̀ kà ti di ₦27 àti àádọ́ta kọ́bọ̀ lórí ₦100, tí àwọn báńkì yòókù sì ń fi tiwọn lé e lórí. Ẹni tí ó bá rí owó gbà ní èlé ₦9 ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kí ó dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Bí a bá fi 1,300 lọ́nà 774, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan. Nígbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ ka àwọn iṣẹ́-òwò kéékèèké àti alábọ́ọ́dé ní orílẹ̀-èdè yìí, iye tí ó wà nílẹ̀ ní òpin ọdún 2020 lé ní mílíọ̀nù mọ́kàndínlógójì. Nítorí náà, bí a bá pe ogójì oníṣòwò jọ sí abẹ́ igi kan, ọ̀kan péré nínú wọn ni owó náà lè kàn, bí a bá tilẹ̀ pín in láìsí ojúsàájú. Ní ọjọ́ tí a kéde ₦50,000 yìí, ó lè ra bíi lítà epo mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó di ọdún 2024 kí owó náà tó bẹ̀rẹ̀ sí dé ọwọ́ àwọn ènìyàn, nígbà tí ó sì fi máa di oṣù kẹwàá ọdún náà, kò lè ra ju bíi àádọ́ta lítà lọ. Owó kan náà ni; ọ̀nà ni ó pẹ́ lórí rẹ̀.

Ìyá wa sọ fún wa pé òun kọ orúkọ nígbà náà, òun kò sì rí nǹkan kan gbà. Aládùúgbò rẹ̀ kan tí ń ta ata rí tirẹ̀ gbà, ó sì fi ra àpò ata méjì. A bá aláta yọ̀.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bèèrè ₦7,000, ìdáhùn wa kúrú. Fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ ọdún 2023 yẹn kò ní owó kankan lórí, ọ̀fẹ́ ni. Ìjọba tí ó fẹ́ fún ni ní owó kì í rán ẹnìkan wá gba owó lọ́wọ́ ẹni ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ má san án. Ẹ má sì fi nọ́ńbà ìwé báńkì yín tàbí nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín hàn án, nítorí èyí léwu ju ₦7,000 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìṣirò tí ìyá náà kọ. Ó fi ìlà sí àárín ìwé, ó kọ ohun tí ó wọlé sí apá ọ̀tún, ohun tí ó jáde sí apá òsì, gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀, ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé, ti kọ́ ọ. Lábẹ́ àkọlé “Owó tí mo san fún àwọn tí kò ra búrẹ́dì,” (ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn, a fẹ́ràn rẹ̀) ó to gbogbo wọn: owó ṣọ́ọ̀bù fún káńsù, owó pátákó tí ó kọ orúkọ búrẹ́dì rẹ̀ sí, owó àwọn wolé-wolé, owó àyẹ̀wò ara àwọn òṣìṣẹ́, owó orúkọ tí a kọ sára kẹ̀kẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo èyí, tí ó ní rìsíìtì lọ́wọ́, jẹ́ ₦61,000 ní ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ó kọ ìlà kan ṣoṣo pé: “Tíkẹ́ẹ̀tì ojú ọ̀nà, ₦300 ní ọjà kìíní, ₦300 ní ọjà kejì, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀.” Kò ṣírò rẹ̀ papọ̀. Ó dàbí ẹni pé ó rò pé owó kékeré ni.

A bá a ṣírò rẹ̀. ₦600 lóòjọ́ jẹ́ ₦3,600 lọ́sẹ̀. Lọ́dún, ó jẹ́ ₦187,200. Èyí ju ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tí káńsù ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Bí a bá tilẹ̀ fún un ní ₦50,000 ti ìjọba lónìí, àwọn tí ó dúró lójú ọ̀nà yóò ti gbà á tán kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá tó pé. Bí a bá sì pa ₦61,000 àti ₦187,200 pọ̀, ó jẹ́ ₦248,200, èyí tí ó lé ní ₦20,000 lóṣooṣù. Ìyá wa, ẹ padà wo iye tí ẹ ń san fún òṣìṣẹ́ tí ẹ ní kí ó máa lọ ní oṣù kẹjọ. Ẹ̀yin ni ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Kò jìnnà sí èyí.

Ohun tí a fẹ́ wí nípa ìrànwọ́ ìjọba kò ju èyí lọ. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ìjọba fún oníṣòwò ní owó lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ọwọ́ ọ̀tún fún ní ₦50,000 lẹ́ẹ̀kan, tí a sì fi ọwọ́ òsì gba ₦248,200 lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, omi ni a ń bá a pọn sínú agbọ̀n. Bí a bá bi oníbúrẹ́dì yìí léèrè, yóò yàn pé kí a má fún òun ní nǹkan kan, kí a sáà mú àwọn tí ó wà lójú ọ̀nà kúrò.

Kí a má bàa sọ àsọdùn, a kò sọ pé kí káńsù má gba kọ́bọ̀. Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 dárúkọ ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì gan-an, pẹ̀lú ilé oúnjẹ, láàrin àwọn ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ láti máa bójú tó. Ó sì dárúkọ ṣọ́ọ̀bù àti pátákó ìpolówó. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwa tí ń jẹ búrẹ́dì fẹ́ kí ẹnìkan wo ibi tí a ti ń pò ó. Ṣùgbọ́n òfin tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1998 nípa àwọn owó-orí àti owó mìíràn tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà sọ ọ́ kedere pé ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ owó-orí, kò gbọdọ̀ dí ojú ọ̀nà níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí láti gba owó-orí tàbí owó kankan. Òfin yẹn tún pààlà sí owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ lè gbà lórí ilé ìṣòwò: kò gbọdọ̀ ju ₦10,000 lọ ní ìgbà àkọ́kọ́ ní ìlú ńlá, àti ₦5,000 lọ́dún lẹ́yìn náà, ní ìgbèríko, ₦2,000 àti ₦1,000. Ẹ̀rín pa wá nígbà tí a kà á, nítorí ìwọ̀nba òǹtajà ni ó gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ọ̀ràn owó-orí àwọn obìnrin oníṣòwò kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti ọdún 1918 ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti ń san owó-orí tiwọn lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn, láìní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná an. Ní ọdún 1947, lábẹ́ aṣíwájú wọn Ìyáàfin Funmilayo Ransome-Kuti, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyá ọjà jókòó síwájú ààfin pé àwọn kò san mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Ademola fi ipò rẹ̀ sílẹ̀, a sì ti dáwọ́ owó-orí náà dúró. Iye owó náà nìkan kọ́ ni ó bí àwọn ìyá wọ̀nyí nínú. Bí a ti ń gbà á, àwọn tí ń gbà á, àti àìmọ ibi tí ó ń lọ, wà nínú ohun tí ó gbé wọn kúrò nílé. Ìbéèrè mẹ́ta yìí náà ni oníbúrẹ́dì wa lè bi ẹni tí ó na tíkẹ́ẹ̀tì aláìlóǹtẹ̀ sí i láràárọ̀.

Nínú àwọn ìrànwọ́ tí ìjọba ti ṣe ní ọdún wọ̀nyí, èyí tí àwa yìn jù ni ọ̀kan tí àwọn ènìyàn tètè gbàgbé. Ní ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, ìjọba bá iṣẹ́-òwò ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé àádọ́ta san owó ìforúkọsílẹ̀ ní àjọ CAC, kí wọ́n lè ní ìwé ẹ̀rí láìná owó ara wọn. Kò sí ẹni tí ó fi ìyẹn ra àpò ata. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìwé yẹn lè ṣí àkáǹtì báńkì ní orúkọ òwò rẹ̀, ó lè lọ sí àjọ NAFDAC fún nọ́ńbà búrẹ́dì rẹ̀, ó sì lè bá báńkì sọ̀rọ̀ owó-yíyá. Bí ìjọba bá tún fẹ́ ṣe ìrànwọ́, kí ó tún èyí ṣe, kí ó sì fi kún un pé gbogbo owó káńsù yóò wà lórí ìwé kan ṣoṣo, tí a óò san ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ní báńkì, tí a óò sì lẹ̀ mọ́ ara kẹ̀kẹ́ kí gbogbo ojú lè rí i. Kò gba ọ̀pọ̀ owó. Ohun tí ó gbà ni kí ẹnìkan pàdánù ibi tí ó ti ń jẹ, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi yá.

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí a wá sọ ohun tí ẹ lè ṣe láì dúró de ìjọba. Ẹ má bá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ojú ọ̀nà jà, nítorí agbọ̀n búrẹ́dì ni wọn yóò dà nù. Ẹ pa tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Ẹ lọ bá ìyálọ́jà àti àwọn oníbúrẹ́dì yòókù tí ń kó ọjà lọ síbẹ̀, kí ẹ pa ẹnu pọ̀, kí ẹ kọ ìwé kan sí káńsù, kí ẹ bèèrè pé: ṣé ti yín ni tíkẹ́ẹ̀tì yìí? Bí wọ́n bá ní tiwọn ni, ẹ ní kí wọ́n fi òfin tí ó fún wọn ní àṣẹ hàn yín. Bí wọ́n bá ní kì í ṣe tiwọn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Ẹni kan ṣoṣo tí ó bá lọ, wọn a ní kí ó padà wá lọ́la. Ẹ̀yin méjìlá tí ẹ bá lọ pọ̀ yóò rí àga jókòó lé.

Àwọn oníbúrẹ́dì kan náà yìí, bí ẹ bá ti mọ ara yín, ẹ lè máa ra fúláwà pọ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe ohun àjèjì. Òfin tí ó gbé e kalẹ̀ ní Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1935. Ẹni tí ó ra ogójì àpò ń gbọ́ iye tí ẹni tí ó ra méjì kò gbọ́.

Ẹ tún jọ̀wọ́, gbèsè búrẹ́dì tí ó jẹ́ ₦94,000 tí ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, tí ìdajì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn ẹbí ọkọ yín, a mọ̀ pé ó ṣòro láti bèèrè. Ẹ rán ọmọbìnrin yín tí ẹ fẹ́ mú kúrò ní ilé-ìwé lọ bá wọn, pẹ̀lú ìwé ìṣirò náà lọ́wọ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó lè wo ojú ọmọ tí ń lọ ṣe ìdánwò kí ó sọ pé òun kò ní san owó búrẹ́dì tí òun jẹ.

Ìwé ìṣirò yẹn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kúrò lọ́wọ́ yín. Òfin owó-orí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 sọ pé ẹni tí owó tí ó yẹ kí a gba owó-orí lé lórí kò bá ju ₦800,000 lọ lọ́dún kò ní san nǹkan kan. Gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ kọ, ó dàbí ẹni pé ẹ wà lára àwọn tí a dá sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé ni òṣìṣẹ́ owó-orí máa ń fi ojú díwọ̀n, ojú rẹ̀ a sì máa tóbi nígbà mìíràn. Ọmọ yín mọ ìṣirò. Lẹ́yìn tí ó bá ti ilé-ìwé dé ní ìrọ̀lẹ́, kí ó máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde. Èyí ni ìrànlọ́wọ́ tí ẹ lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún yìí.

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin ₦7,000 náà bá tún padà wá, ẹ bèèrè orúkọ ọ́fíìsì tí ó rán an, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé kan náà. Bí káńsù bá dá yín lóhùn nípa tíkẹ́ẹ̀tì, a bẹ̀ yín, ẹ kọ̀wé sí wa. Àwọn oníbúrẹ́dì mìíràn ń ka ojú-ewé yìí, wọn yóò fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n wí.